Ẹni Tó Fìdí Rẹmi Ló Yẹ Kó Lọ Sílé: Ìtàn Ìbò Amẹ́ríkà àti Wàhálà Òde Òní

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níbi àpéjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní Atlanta, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibi mélòó kan tí mo ti gé àsọtúnsọ kúrò.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo kí i yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpéjọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo rí i yín, ẹ kú sùúrù. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu. Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ní í bá àgbà jẹun. Ẹ jẹ́ kí n wẹ ọwọ́ mi lójú yín kí n tó fi kan àwo.

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí pè mí, wọ́n ní kí n wá sọ bí ìtàn òṣèlú ilẹ̀ yìí ṣe lè là wá lọ́yẹ̀ nípa wàhálà tó bá ìjọba tiwantiwa lónìí. Mo bi ara mi pé, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó ti gbé ibí fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n ń san owó orí, tí wọ́n bímọ síbẹ̀? Mo wá rántí ìbéèrè kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, níbi ìsọmọlórúkọ. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kìíní 2021, tí àwọn alátìlẹ́yìn Donald Trump, ààrẹ tó fìdí rẹmi nínú ìbò 2020, fọ́ fèrèsé wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington, ni ìbéèrè náà ti gbalẹ̀ kan: "Ṣé Amẹ́ríkà tí a mọ̀ nìyí?"

Bẹ́ẹ̀ ni, Amẹ́ríkà náà nìyí. Apá kan rẹ̀ tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́ wa ni. Ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ìwé òfin ló gbé ìjọba tiwantiwa ró. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé òfin. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìtàn ilẹ̀ yìí sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí i pé ohun méjì kan wà tí ìwé kò lè dá ṣe. Èkíní, kí ẹni tó fìdí rẹmi gbà, kó sì lọ sílé. Èkejì, kí wọ́n ka ìbò gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í. Ohun tí mo sì wá sọ lónìí ni pé ọ̀kan náà ni méjèèjì ní ilẹ̀ yìí. Àwọn ìgbà tó burú jù lọ tí ẹnì kan kọ̀ láti gbà pé òun fìdí rẹmi, ẹ yẹ ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò: ohun tó ń sọ ni pé àwọn kan dìbò tí kò yẹ kí wọ́n kà á mọ́ ìbò.

Ó bínú, ṣùgbọ́n ó lọ

Ẹ bá mi lọ sí ọdún 1801. Washington ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìlú ni. John Adams ni ààrẹ, òun ló tẹ̀ lé George Washington. Ó du ipò náà lẹ́ẹ̀kejì ní 1800, ó fìdí rẹmi. Thomas Jefferson àti Aaron Burr, ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, jọ gba ìbò 73 lọ́wọ́ àwọn aṣojú tó ń yan ààrẹ. Adams gba 65. Òfin ìgbà yẹn kò ya ìbò ààrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ti igbákejì rẹ̀, ọ̀rọ̀ bá di ti ilé aṣojú-ṣòfin. Wọ́n dìbò, kò yanjú. Wọ́n tún un dì, kò yanjú. Ìgbà 36 ni wọ́n dì í kí Jefferson tó wọlé ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì. Kó tó dìgbà náà, gómìnà Virginia àti ti Pennsylvania ti ń múra ọmọ ogun ìpínlẹ̀ wọn sílẹ̀, bóyá àwọn alátakò yóò fi èrú gbé ipò náà lọ.

Ta ni olórí ọmọ ogun ilẹ̀ náà nígbà yẹn? Adams ni. Ta ni inú rẹ̀ bàjẹ́ jù? Adams ni. Kí ló wá ṣe? Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó sì kúrò nílùú. Kò dúró wo ìbúra Jefferson. Àwọn èèyàn ti bá a wí títí nítorí ìyẹn, pé kò fi ẹ̀mí ọmọlúàbí ṣe é. Èmi kò bá a wí. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó lọ. Kò tíì sí ibì kan nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà tí ẹgbẹ́ kan ti gbé ìjọba fún ẹgbẹ́ alátakò. Kò sí àpẹẹrẹ níwájú rẹ̀ tó lè wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé kúrò nílé yẹn ló di àpẹẹrẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé, báwo ni Jefferson ṣe rí ìbò náà? Nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin ní Philadelphia ní 1787, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù fẹ́ kí wọ́n ka àwọn ẹrú wọn mọ́ iye ènìyàn, kí aṣojú wọn lè pọ̀. Wọ́n dúnàádúrà, wọ́n fẹnu kò pé ẹrú márùn-ún yóò jẹ́ ènìyàn mẹ́ta nínú ìṣirò. Iye aṣojú yìí ni wọ́n sì fi ń ṣírò ìbò ààrẹ. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ti jókòó ti ìṣirò náà, wọ́n ní ká ní wọn kò ka àwọn ẹrú, Adams ni ì bá wọlé.

Ẹ dákun, ẹ rò ó. Wọ́n ka ẹrú náà, ṣùgbọ́n kò lè dìbò. Wọ́n kà á kí ọwọ́ ẹni tó rà á lè le sí i. Ọjọ́ tí Amẹ́ríkà kọ́ ayé bí a ṣe ń gbé ìjọba sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ọjọ́ náà gan-an ni ìbéèrè "ta ni kí a kà?" ti wà lábẹ́ ẹní.

Ẹni tó ka ìbò tó lé òun fúnra rẹ̀ kúrò

Mo fẹ́ràn ìtàn Breckinridge yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà kì í ṣe ẹni tí mo lè yìn délẹ̀.

Ọdún 1860. Abraham Lincoln wọlé ìbò. Èèyàn mẹ́rin ló du ipò náà, Lincoln kò tilẹ̀ kó ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, orúkọ rẹ̀ kò sì sí rárá lórí ìwé ìdìbò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù. South Carolina kò dúró kó búra. Ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ni wọ́n ní àwọn ti ya kúrò. Nígbà tí Lincoln yóò fi búra, ìpínlẹ̀ méje ti lọ.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Kò tíì fọwọ́ kan ẹrú ẹnikẹ́ni. Ìbò nìkan ló wọlé. Wọ́n fìdí rẹmi, wọn kò sì gbà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1861 ni wọ́n fẹ́ ṣí àpótí ìbò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀gágun Winfield Scott kó sọ́jà yí ilé náà ká, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò lè wọlé. Ta ni òfin ní kó jókòó lórí àga kó sì kéde èsì? Igbákejì ààrẹ, John Breckinridge ti Kentucky, tí òun náà du ipò ààrẹ nínú ìbò kan náà, tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù sì dìbò fún. Ó lè da ìwé rú. Ó lè ní ojú ń ro òun. Ó dìde, ó ka iye rẹ̀ bó ṣe wà, ó sì kéde Lincoln.

Ṣé ìyẹn wá dá ogun dúró? Rárá. Breckinridge fúnra rẹ̀ padà darapọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó di ọ̀gágun wọn. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1861, ó gba ọdún mẹ́rin, ó sì pa èèyàn tó ju 600,000 lọ. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni kí ẹ lè rí i pé kíka ìbò láìṣe èrú, ohun ńlá ni, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Wọ́n ka ìbò rẹ̀ délẹ̀, ogun ṣì jà.

Ìjà tí wọ́n fi ẹní bò

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí ti wá.

Ogun parí ní 1865. Wọ́n tú ẹrú sílẹ̀. Ní 1870, àtúnṣe òfin kẹẹ̀ẹ́dógún ní kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ ara du ọkùnrin kankan ní ìbò. (Ti àwọn obìnrin kò dé títí di 1920.) Lọ́dún 1870 náà, Hiram Revels, aláwọ̀ dúdú, wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti Mississippi. Láàárín ọdún mélòó kan, aláwọ̀ dúdú tó ju 1,500 ló ti di ipò mú káàkiri Gúúsù: adájọ́ kéékèèké, aṣòfin, ọ̀gá ilé ìwé. Àwọn tí wọ́n tà lọ́jà lánàá ló ń ṣòfin lónìí.

Kí ni àwọn tó fìdí rẹmi ṣe? Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Colfax, ní Louisiana. Ìbò gómìnà ọdún 1872 dàrú, ẹgbẹ́ méjèèjì ní àwọn ló wọlé. Àwọn aláwọ̀ dúdú lọ ṣọ́ ilé ẹjọ́ ìlú náà kí ẹnikẹ́ni má baà fi agbára gbà á. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1873, ọjọ́ Àjíǹde ni o, àwọn òyìnbó gbé ìbọn ńlá wá, wọ́n sọ iná sí ilé náà. Àwọn tó jáde pẹ̀lú ọwọ́ sókè, wọ́n pa wọ́n. Títí di òní wọn kò mọ iye wọn. Àwọn kan ní ọgọ́ta, àwọn kan ní àádọ́jọ. Èèyàn mẹ́ta péré ni ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì tú wọn sílẹ̀ ní 1876, wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ kò lágbára láti fìyà jẹ irú wọn. Ní 1950, wọ́n gbé pátákó kan kalẹ̀ níbẹ̀ tó pe ìpakúpa náà ní rògbòdìyàn, tó sì fi ń yangàn pé ọjọ́ náà ni ìjọba burúkú dópin ní Gúúsù. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú u. Àwọn tó kà á lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá, kí ni ẹ rò pé wọ́n kọ́?

Ọdún 1876 yẹn náà ni ìbò ààrẹ dàrú. Samuel Tilden gba 184, Rutherford Hayes gba 165, ìbò 20 ni wọ́n sì ń jà lé lórí, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti Florida, Louisiana àti South Carolina. 185 ni èèyàn nílò. Ẹyọ kan péré ló kù fún Tilden. Ní àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta náà, wọ́n ti fi ìbọn dẹ́rù ba àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò níbi ìdìbò, àwọn tó ń ka ìbò náà sì ń yọ ìbò dànù. Ta ló jàre? Wọ́n yan èèyàn 15 kí wọ́n dá a: sẹ́nétọ̀ márùn-ún, aṣojú-ṣòfin márùn-ún, adájọ́ márùn-ún. Mẹ́jọ sí méje ni wọ́n dá gbogbo rẹ̀, kálukú dúró sí ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Hayes di 185. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1877 ni wọ́n parí rẹ̀. Ìbúra kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ṣé Tilden gbógun? Rárá, ó lọ sílé. Gbogbo ayé yìn ín. Ṣùgbọ́n ta ló san owó àlàáfíà yẹn? Kò pẹ́ sígbà náà, ní oṣù Kẹrin, Hayes ní kí àwọn sọ́jà ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ilé ìjọba ní South Carolina àti Louisiana padà sí bárékè wọn. Àwọn òyìnbó àgbà méjì jà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Aláwọ̀ dúdú tó fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu kó tó dìbò, òun ni wọ́n fi ṣe ẹbọ ìlàjà náà. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ìjà tí a kò parí, tí a kàn fi ẹní bò, ẹsẹ̀ ẹni tó bá wọlé ni yóò máa gbá a. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò tán. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Wilmington, ní North Carolina, 1898. Ìlú tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà ni, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, àwọn kan nínú wọn wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn àti àwọn òyìnbó kan jọ ń ṣe é. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Alfred Waddell, tó ti fìgbà kan jẹ́ aṣojú-ṣòfin. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìbò, ó bá àwọn èrò sọ̀rọ̀, ó ní tí wọ́n bá rí aláwọ̀ dúdú níbi ìdìbò, kí wọ́n ní kó kúrò níbẹ̀. Bó bá kọ̀, kí wọ́n pa á.

Ẹ gbọ́ ọ? Olùdìbò ni wọ́n ní kó lọ sílé! Kì í ṣe ẹni tó fìdí rẹmi.

Ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí ìbò ìpínlẹ̀ parí, ni Waddell kó àwọn ọkùnrin tó dira ogun jáde. Wọ́n sun ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Wọ́n yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn ìyá gbé ọmọ sá wọnú irà, wọ́n sùn síbẹ̀ nínú òtútù. Ìgbìmọ̀ ìlú kò tilẹ̀ sí nínú ìbò ọdún yẹn, ìgbà wọn kò tíì pé. Wọ́n fi ìbọn sí wọn létí, wọ́n ní kí wọ́n kọ̀wé fipò sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Waddell ti di olórí ìlú. Ìdìtẹ̀gbàjọba ni, lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì yọrí sí rere fún àwọn tó ṣe é. Ààrẹ William McKinley kò rán sọ́jà kankan. Kò sí ẹnì kan tó lọ sẹ́wọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọn kò nílò ìbọn mọ́, òfin ni wọ́n fi ń ṣe é. Owó orí kí o tó dìbò. Ìdánwò ìwé kíkà tí akọ̀wé ìjọba nìkan mọ ìdáhùn rẹ̀. Ní Louisiana, wọ́n ní ẹni tí bàbá tàbí bàbá bàbá rẹ̀ ti lẹ́tọ̀ọ́ ìbò ṣáájú 1867 kò ní ṣe ìdánwò. Ta ni kò mọ̀ pé bàbá ẹrú kò lè ti dìbò? Ní 1896, àwọn aláwọ̀ dúdú tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìbò Louisiana jẹ́ 130,334. Ní 1904, wọ́n ku 1,342. Ọdún mẹ́jọ péré o! George Henry White ti North Carolina kúrò nílé aṣòfin ní 1901, kò sì tún sí aláwọ̀ dúdú kankan tó wọ ibẹ̀ láti Gúúsù títí di 1973. Ìlú tí a wà yìí, Atlanta, ló rán Andrew Young lọ lọ́dún náà, Houston rán Barbara Jordan. Ọdún 72. Bàbá tí wọ́n bí ní 1901 ti di arúgbó.

Gbogbo ìgbà yẹn, ìbò ń lọ déédéé. Àwọn tó fìdí rẹmi ń lọ sílé. Ìwé ìròyìn ń yin ìjọba tiwantiwa. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àlàáfíà ni wọ́n ń fi ń mọ ìjọba tiwantiwa, ẹ bi í pé àlàáfíà ta ni.

Afárá Selma

Mo gbé àwọn ọmọ mi lọ sí Selma, ní Alabama, nínú ìsinmi kan. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ láti ibí. A rìn lórí afárá náà, tí John Lewis, ajìjàgbara ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, àti àwọn èèyàn bí 600 gbà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1965 láti béèrè ẹ̀tọ́ ìbò, tí àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó fọ́ ọ lórí. Ní àgbègbè Selma lọ́jọ́ náà, aláwọ̀ dúdú tó tó ọjọ́ orí ìbò jẹ́ nǹkan bí 15,000. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kó forúkọ sílẹ̀ kò ju nǹkan bí 300 lọ. Ọmọ mi ọkùnrin wo òkè, ó ka orúkọ tó wà lára irin afárá: Edmund Pettus. Ó ní, "Dádì, ta ni?" Mo ní ọ̀gágun àwọn tó jagun kí ẹrú má baà di òmìnira ni. Ó ní, "Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?" Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rí i pé ìdáhùn mi gùn ju afárá náà lọ.

Lóṣù Kẹjọ ọdún náà ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní Mississippi, èèyàn dúdú tó forúkọ sílẹ̀ kò tó méje nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú òfin náà. Ní 1967 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́ta. Òfin náà ní kí àwọn ibi tó ti ń ṣe àbòsí tẹ́lẹ̀ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n tó yí ètò ìbò wọn padà. Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pa ibẹ̀ rẹ́, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n ní ayé ti yí padà. Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kò gbà. Ó ní ó dà bí ẹni tó ju agbòjò rẹ̀ nù nínú òjò nítorí pé òjò kò pa á. Tèmi ni pé ó rí òótọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá níbí

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé: "Ọ̀gbẹ́ni olùbánisọ̀rọ̀, ṣé ẹgbẹ́ kejì, ẹgbẹ́ Democrat, kò ráhùn rí ni?" Wọ́n ráhùn. Ní 2000, George W. Bush fi ìbò 537 na Al Gore ní Florida, bẹ́ẹ̀ Gore ló ní ìbò tó pọ̀ jù káàkiri ilẹ̀ náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá kíkà dúró ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá. Lọ́jọ́ kejì, Gore jáde, ó ní òun kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n òun gbà á. Ní oṣù Kìíní 2001, òun gan-an gẹ́gẹ́ bí igbákejì ààrẹ ló jókòó lórí àga tí wọ́n fi ka ìbò náà. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti tako èsì náà nítorí òun, òun ló ń dá wọn jókòó. Ní 2016 náà, Hillary Clinton fi ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ju Donald Trump lọ, ó sì gbà lọ́jọ́ kejì ìbò pé òun fìdí rẹmi. Ẹni tó ráhùn tó sì lọ sílé, òun àti ẹni tó kọ̀ láti lọ, wọn kì í ṣe ọgbà.

Nàìjíríà yá aṣọ yìí wọ̀ ní 1979: ààrẹ, sẹ́nétọ̀, gómìnà, gbogbo rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, a sì bọ́ èyí tí Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ fún wa. Ìwà tó yẹ kó bá aṣọ náà rìn ni a kò rí yá. Àwọn kan nínú yàrá yìí wà níbí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993. Ẹ̀yin mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá ka ìbò, tí wọ́n tún ní kò sí ìbò.

Ẹ wá wo 2020. Joe Biden 306, Trump 232. Trump àti àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ pe ẹjọ́ tó ju ọgọ́ta lọ, wọn kò rí ohun tó yí èsì padà gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ń nawọ́ sí? Detroit. Philadelphia. Milwaukee. Atlanta wa yìí. Ìlú tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí ni gbogbo wọn. Ní Wisconsin, wọ́n sanwó kí wọ́n tún ìbò kà, ṣùgbọ́n àgbègbè méjì péré ni wọ́n fẹ́: Milwaukee àti Dane. Kí ló dé tí kì í ṣe ti abúlé? Ìbéèrè "ta ni kí a kà?" ló tún gbórí sókè.

Mo ṣiṣẹ́ níbi ìdìbò lọ́dún náà, ní àgbègbè wa. Aago márùn-ún ìdájí ni mo débẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Georgia ka ìbò ààrẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n fi ọwọ́ kà á lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, ìwé bíi mílíọ̀nù márùn-ún. 11,779 ni Biden fi bori. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kìíní 2021, Trump pe Brad Raffensperger, akọ̀wé ìpínlẹ̀ wa tó ń bójú tó ètò ìbò, ó ní òun kàn fẹ́ rí 11,780 ni. Raffensperger, ọmọ ẹgbẹ́ Trump tó dìbò fún un, ní iye tí àwọn kà ni iye tó wà. Igbákejì ààrẹ Mike Pence náà ní òfin kò fún òun láṣẹ láti ju ìbò ẹnikẹ́ni nù. Mo ń yìn wọ́n, bí mo ṣe yin Adams.

Ṣùgbọ́n ìyá kan wà àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n ń ka ìbò ní Atlanta níbí. Wọ́n purọ́ mọ́ wọn pé wọ́n ń jí ìbò. Àwọn èèyàn ń pè wọ́n lóru, wọ́n ń halẹ̀ ikú mọ́ wọn. Ìyá náà sá kúrò nílé. Ilé ẹjọ́ dá wọn láre ní 2023 pẹ̀lú owó ìtanràn tó ju 140 mílíọ̀nù dọ́là. Gbogbo ẹni tó bá mi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìbò yẹn mọ̀ pé ó lè jẹ́ àwa. Méjì nínú wọn kò padà wá mọ́ lẹ́yìn ọdún náà. Ta ni yóò wá ka ìbò bí àwọn tó mọ̀ ọ́n kà bá sá tán?

Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní, ọkùnrin kan gbé àsíá àwọn tó bá Lincoln jagun rìn kiri inú ilé ìgbìmọ̀ náà. Gbogbo ọdún mẹ́rin ogun yẹn, wọn kò gbé àsíá náà wọ ibẹ̀ rí. Trump kò dúró wo ìbúra. Adams náà kò dúró. Wọ́n jọra lójú, àmọ́ Adams kò ní kí ẹnikẹ́ni rìn lọ sílé aṣòfin. Lọ́jọ́ tí Trump padà sórí àlééfà ní 2025, ó dárí ji àwọn èèyàn bí 1,500 tí wọ́n bá rìn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà náà, Kamala Harris ló jókòó sórí àga tí Breckinridge àti Gore jókòó sí, ó sì kéde ìjákulẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ètò náà kò gba ogójì ìṣẹ́jú. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohùn rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó kan kún un, kí n tó jókòó. Lọ́jọ́ ìbò 2020, ó fi ọ̀pá rìn wọlé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Bó ṣe ń wá káàdì rẹ̀, ó yọ ìwé kékeré kan tó ti pọ́n jáde látinú pọ́ọ̀sì. Ó ní rìsíìtì owó tí bàbá òun san ní Alabama ni, kó lè dìbò. Mo bi í pé, "Mama, ṣé wọ́n wá jẹ́ kí bàbá yín dìbò?" Ó ní, "Rárá. Wọ́n gba owó rẹ̀." Ó ká ìwé náà padà, ó fi í sínú pọ́ọ̀sì, ó sì lọ síbi ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti búra, tó ti gba ìwé ọmọ ìlú láti bí ọdún mẹ́wàá, tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Mo mọ àwọn kan lórúkọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Tábìlì kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ìyá wa ń bu jọ̀lọ́ọ̀fù. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí rẹ̀, bírò wà níbẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìdí tábìlì náà ni mo ń lọ báyìí, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yìí.

Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́.